Ẹni Tó Ń Hù Lára Ògiri

Èjìká ló kọ́kọ́ jáde. Èjìká òsì, tó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ọ̀tún lọ bí ti ìyá wọn ṣe rẹlẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ló yọ lára ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kété tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ léraléra. Lẹ́yìn èjìká, ọrùn dé. Kí orí tó yọ tán, Ayafọ́tò ti kó aṣọ ìbora rẹ̀ wọ inú yàrá náà, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹni bá fẹ́ lé òun jáde níbẹ̀, kó lọ mú ọlọ́pàá wá.

Ayafọ́tò ni àbíkẹ́yìn ilé náà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ làdúgbò fi ń pè é, títí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ fi di ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń gbàgbé. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan létí títì, níbi tó ti ń ya àwọn fọ́tò pélébé tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà, àti ti àwọn ìyàwó tuntun tó fẹ́ kí ojú wọn dán ju bí Elédùmarè ṣe dá a lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni wọ́n ń pè ní Àǹtí Lábù. Yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ńlá lòun ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń wá ohun tó ń bá ènìyàn jà nínú ìtọ̀ rẹ̀, nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé tí ìyá wọn fi ẹ̀rọ ìránṣọ kọ́.

Ìyá yìí, ẹlẹ́nu ni. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò gbé e mọ́, orí bẹ́ẹ̀dì yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó kọjú sí fèrèsé, ó ń bú gbogbo ẹni tó bá kọjá, bó bá sì bú wọn tán, á ṣàdúrà fún wọn. Ayafọ́tò ló ń wẹ̀ ẹ́. Òun ló ń yí i láti ìhà kan sí ìkejì kí egbò má baà dá sí i lára, òun náà ló ń fi òróró pa á lórí láràárọ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò a máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọkùnrin tó mọ orí pa tó báyìí, kí ló dé tí kò tíì fẹ́yàwó? Ohun kan ṣoṣo ni ìyá náà kò gbà kó ṣe fún òun. Bó bá ti rí kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, á fa aṣọ bojú.

"Gbé ẹ̀rọ yẹn lọ," á ní. "Èmi tí mo rẹwà láyé ọjọ́un, ojú gbígbẹ yìí lo fẹ́ gbé kọ́ sí pálọ̀ fún àlejò wò?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú láìsí fọ́tò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ rẹjú díẹ̀, kò sì jí mọ́. Ọkùnrin tó ti ya ojú gbogbo ará àdúgbò tán, kò ní àwòrán kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ fi jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì tó ti tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Nítorí náà, nígbà tí òjò dé, tí omi ń gba ẹ̀yìn ilé jò wọ ògiri, tí èjìká sì yọ, kò bẹ̀rù rárá. Inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ wá wò ó, Àǹtí mi," ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bí fọ́tò ṣe máa ń jáde nínú omi nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ló ń jáde yẹn. Ẹ ó kọ́kọ́ rí funfun lásán. Lẹ́yìn náà, òjìji. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ènìyàn ti ń wò yín."

Àǹtí Lábù kò tíì wọ yàrá náà látìgbà tí wọ́n ti sìnkú. Ìbínú ló bá wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí ó ti pinnu pé òun á bá àbúrò òun wí. Ó yíjú sí ògiri. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀. Ó ti kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ kú ìrọ̀lẹ́.

Kì í ṣe pé ó ní ojú tàbí imú. Àwọ̀ kan tó dúdú tó sì fẹ́ ṣe bí ewé ni, tó rí mùúlọ́mùúlọ́ ní etí, tó tàn láti ibi ìrọ̀rí lọ sókè. Ṣùgbọ́n bí èjìká ṣe tẹ̀ nìyẹn. Bí ọrùn ṣe máa ń fi ara sí ẹ̀gbẹ́ kan nìyẹn nígbà tí ìyá wọn bá ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Àǹtí Lábù dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ojú ń tì í.

"Ẹ̀yin náà rí wọn," ni Ayafọ́tò wí jẹ́jẹ́.

"Omi ni mo rí. Gọ́tà ẹ̀yìn ilé ti jò. Màá pe bíríkìlà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é. Bí ògiri bá gbẹ, wọ́n á lọ nìyẹn."

Ó yẹ kó pè é. Obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, tó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun tó ń mú búrẹ́dì bu náà ló tàn sára ògiri yẹn, ó yẹ kó pe bíríkìlà kó tó bọ́ bàtà. Kò pè é. Dípò bẹ́ẹ̀, bó bá múra iṣẹ́ tán láàárọ̀, á rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, á dúró, á wo ògiri, á rọra tẹ orúnkún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ọ̀mọ̀wé máa kí ògiri, àbùkù ni. Kí ẹni tí ìyá rẹ̀ kò kú rí jókòó jẹ́ẹ́.

Ikọ́ ló jí wọn lójú oorun.

Ikọ́ kì í ṣe àjèjì sí Ayafọ́tò. Nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, ikọ́ ẹ̀gbẹ mú un, ó gbé e débi tí àwọn aládùúgbò ti ń bá ìyá rẹ̀ kẹ́dùn ní kọ̀rọ̀. Ó lo oògùn, ó sàn, ó sanra. Ṣùgbọ́n ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í lọ kó máà fi ilé rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbẹ́ ihò kan sókè ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lápá ọ̀tún, ihò òfìfo, tí kò sí ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Nísinsìnyí tí ikọ́ tún dé, tó ń rù, tí aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀, gbogbo ènìyàn rò pé ọ̀tá àtijọ́ ló padà wá. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Àǹtí Lábù kò sùn. Ó fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà sì ní kí wọ́n gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò.

Nínú yàrá àyẹ̀wò náà, ẹni tó ń mójú tó kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni ọkùnrin arẹ́rìn-ín kan tí wọ́n ń pè ní Kò-Sí-Nǹkan, nítorí èsì tó fẹ́ràn láti kọ jù lọ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà kò le. Wọ́n ní àwo pẹrẹsẹ kan tí oúnjẹ kòkòrò dì sínú rẹ̀ bíi jẹ́lì. Wọ́n á fi wáyà tín-ín-rín kan mú díẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, wọ́n á fi fa ilà síwá-sẹ́yìn lójú jẹ́lì náà, wọ́n á gbé e sínú àpótí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á sì dúró de ohun tó bá hù. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ kún fún irúgbìn àwọn ìdílé olú, ìyẹn àwọn ohun tó ń mú nǹkan bu. Ọ̀kan lè bọ́ sínú àwo nígbà tí wọ́n ṣí i, kó hù bí ẹni tí wọ́n pè. Ọ̀gá wọn kan tó ti fẹ̀yìn tì ló fún irú èyí lórúkọ. Ó ní, "Àlejò ni, ẹ sọ ọ́ nù." Látìgbà náà, ohunkóhun tó bá hu irun nínú àwo, àlejò lórúkọ rẹ̀, ike ìdọ̀tí sì ni ilé rẹ̀.

Èsì kìn-ín-ní Ayafọ́tò dé. Kò sí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kò sí nǹkan. Dókítà fún un ní oògùn, ikọ́ kò gbọ́. Wọ́n tún gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mìíràn lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí èsì kejì yẹ kó jáde, Àǹtí Lábù ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike ìdọ̀tí, ó sì rí orúkọ àbúrò rẹ̀ lára àwo kan tó ti dojú dé. Ó yí i sókè.

Irun ti hù nínú rẹ̀, irun kúkúrú tó ní àwọ̀ ewé gbígbẹ, funfun ní etí. Kì í ṣe àwọ̀ náà ló mú ọkàn rẹ̀ já. Bó ṣe tò ni. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè, ó yí, ó padà, ó tún yí, ó tẹ̀lé ipa wáyà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ta ló sọ èyí nù?"

"Èmi ni o," ni Kò-Sí-Nǹkan dáhùn láti ìdí tábìlì rẹ̀. "Àlejò ni jàre. Òjò ọdún yìí, àlejò ti pọ̀ ju onílé lọ."

"Wá wò ó."

"Mo ti wò ó, àǹtí wa."

"O wo ohun tó hù. O ò wo ibi tó hù sí. Àlejò tó bá bọ́ láti òkè, ibi tó bá wù ú ló máa jókòó sí. Ṣé o ti rí àlejò tó tọ ojú ilà rí?"

Ó dìde wá, ó gba àwo náà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó bá tọ ojú ilà, inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ti wá. Àyà ènìyàn ló ti wá.

"Ti àkọ́kọ́ náà," ló wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Bó ṣe rí náà nìyí. Mo sọ ọ́ nù. Ẹ dárí jì mí, mi ò tiẹ̀ wo orúkọ."

Àǹtí Lábù kò ráyè bá a jà. Ó fi aró búlúù rẹ díẹ̀ nínú irun náà, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ awòkòkòrò. Ìdílé olú, ẹ̀yà méjì ni wọ́n. Àwọn kan ń gbé lọ́kọ̀ọ̀kan, roboto roboto bí ìwúkàrà tó ń mú ìyẹ̀fun wú, bí wọ́n bá sì fẹ́ bímọ, ọmọ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí kókó. Irú wọn ló ń fún ọmọ ọwọ́ ní ẹnu funfun. Àwọn yòókù ń ta okùn ni. Okùn á ta lé okùn títí wọ́n á fi di ẹní. Nínú wọn ni làpálàpá wà, tí kì í kọjá awọ ara, àti àwọn tó ń kọjá awọ ara. Ohun tó wà lójú Àǹtí Lábù yìí, olókùn ni. Okùn náà pín sí yàrá yàrá, ó pẹ̀ka, igi kan nà sókè lára rẹ̀, orí igi náà wú roboto, irúgbìn sì tò yí orí náà ká bí irun tí a kò tíì dì. Ó ti rí i nínú ìwé, ó ti rí i nínú àwo. Kò tíì rí èyí tó jáde láti ara ẹni tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n ya fọ́tò àyà Ayafọ́tò. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ihò tí ikọ́ ẹ̀gbẹ gbẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ti gbàlejò. Ohun kan tó rí roboto jókòó sísàlẹ̀ ihò náà, òṣùpá afẹ́fẹ́ tín-ín-rín kan wà lókè rẹ̀. Wọ́n ní kó dojú délẹ̀, wọ́n tún un yà. Ohun náà ti yí, ó ti lọ sí ìhà kejì.

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní oògùn wà, ó ní ó gùn, ó máa gba oṣù púpọ̀. Ó ní bí wọ́n bá jẹ́ kí ohun yìí máa jẹ etí ihò náà lọ, ọjọ́ tó bá jẹ dé ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ńlá, kò dájú pé wọ́n á gbé e dé ilé ìwòsàn láàyè. Ó sì ní ibikíbi tí ògiri bá ti bu, kó má sùn síbẹ̀ mọ́.

Ibi tí Àǹtí Lábù ti ṣàṣìṣe rèé o. Ó rò pé bí òun bá ṣàlàyé fún un dáadáa, òye á yé e. Àṣìṣe àwọn tó ń fi ìmọ̀ jẹun nìyẹn. Wọ́n máa ń rò pé ẹni tí ọ̀ràn bá yé, ó ti gbà nìyẹn.

Ó bá Ayafọ́tò nínú yàrá ẹ̀yìn, tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì níbi tí ìyá wọn máa ń jókòó sí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kan ìyá ara ògiri náà. Ògiri ti tún kún sí i. Ìlà gèlè ti hàn. Àǹtí Lábù fi sẹ́lótéèpù tẹ ara ògiri, ó fà á, ó gbé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó sì padà wá sọ ohun tó rí fún un: igi kan náà, orí roboto kan náà, irúgbìn kan náà.

"Mi ò lè búra pé láti ara ògiri yìí ló ti wọ̀ ọ́ láyà," ló wí. "Irúgbìn wọn kún ayé, gbogbo wa là ń mí i símú, ara wa sì ń gbá a dànù. Ṣùgbọ́n ìwọ ní ihò láyà, o wá gbé orí lé ibi tó ti pọ̀ jù lọ."

Ayafọ́tò ń gbọ́. Ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan bí ọmọ ilé ìwé.

"Kí ló dé tó fi jọ Màámi?"

Inú Àǹtí Lábù dùn sí ìbéèrè náà. Ó rò pé ibẹ̀ gan-an lòun á ti gbá òkú yìí jáde.

"Nítorí oúnjẹ ni. Òróró tó o fi ń pa wọ́n lórí, òógùn ẹ̀yìn wọn, gbogbo rẹ̀ ti wọ ara ògiri láti bí ọdún mélòó kan. Ibi tí ara wọn bá ti kàn ni oúnjẹ wà. Nígbà tí omi dé, ibi tí oúnjẹ wà ló hù sí. Kò sí àràmàǹdà kankan níbẹ̀."

Ayafọ́tò ń fi ìka tọ etí èjìká náà.

"Á jẹ́ pé ara Màámi ló jẹ tó fi dàgbà."

"Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Irú rẹ̀ náà ló wà láyà mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Àǹtí Lábù wí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ni. Ó rí ojú àbúrò rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ yẹ̀ẹ́, ó sì mọ̀ pé òun ti fọwọ́ ara òun ṣe ara òun.

"Ẹ wá fẹ́ kí n gbé oògùn mì," ni Ayafọ́tò wí, "kí n fi pa wọ́n lẹ́ẹ̀kejì?"

Látìgbà náà, oògùn wà lórí tábìlì kékeré tó wà nídìí fèrèsé, kò dín. Láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á bẹ̀ ẹ́. Nírọ̀lẹ́, á bínú. Ó pe bíríkìlà, Ayafọ́tò ti ilẹ̀kùn mọ́ bíríkìlà. Ó lọ bẹ dókítà, dókítà ní a kì í fi tipátipá fún àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ní oògùn. Orí rẹ̀ sì pé. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ya àwọn ìyàwó tuntun, ó ń bá wọn ṣeré, ó ń wúkọ́ sẹ́yìn aṣọ dúdú tó ta sínú ṣọ́ọ̀bù náà. Bó bá délé, yàrá ẹ̀yìn ló ń gbà lọ tààrà. Àǹtí Lábù á gbọ́ ohùn rẹ̀ láti kíṣìnnì, ohùn ẹni tó ń ròyìn ọjọ́ fún ẹnìkejì. Lẹ́yìn náà, á dákẹ́, bí ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ó máa ń ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni pé òun náà gbọ́ nǹkan, á sì ṣí omi ẹ̀rọ kó lè pariwo.

Àǹtí Lábù kò kí ògiri mọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé lọ́jọ́ kan, ògiri á dáhùn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó gbọ́ tí Ayafọ́tò ń wúkọ́, ikọ́ náà kò sì dáwọ́ dúró. Ó sáré wọlé. Ayafọ́tò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó fi aṣọ ìnura dí ẹnu. Nígbà tó mú un kúrò, pupa ni. Kì í ṣe ẹ̀kán kan tàbí méjì. Pupa fòò ni, ó ti ṣàn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ má pariwo," ló wí, ó ń mí gúlegúle. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọ́n yí ni. Bí mo bá yí sí apá yìí, àwọn náà á yí, mo máa ń mọ̀ ọ́n lára. Ẹ rántí pé èmi ni mo máa ń yí wọn. Kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n máa ń jẹ́ kó ṣe é."

Àǹtí Lábù dúró sáàárín yàrá. Òkú wà lára ògiri, òkú wà láyà àbúrò rẹ̀, àbúrò rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ létè. Ó ti lo ìmọ̀ tán. Ìbínú ló kù. Ṣe ni ìbínú náà gbé e, kò sì mọ ibi tí ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ti wá.

"Ṣé o rántí ìgbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ bàjẹ́?"

Ayafọ́tò fi aṣọ ìnura nu ètè.

"Mò ń bi ọ́. Ìgbà tí kò síṣẹ́, tí oúnjẹ kò tó. Kí ni Màámi máa ń sọ bí wọ́n bá bu oúnjẹ fún wa tán?"

"Wọ́n ní àwọn ti jẹ níta," ni Ayafọ́tò wí kẹ́lẹ́.

"Ṣé wọ́n ti jẹ níta?"

"Rárá."

"O mọ̀ nígbà yẹn?"

"Mo mọ̀. Mo bá wọn tí wọ́n ń fi ìka pa ìdí ìkòkò lá. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín."

Èyí ni Àǹtí Lábù kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò dúró.

"Obìnrin yẹn, tó pa ìdí ìkòkò lá kí ìwọ lè yó, òun lo wá ní ó jókòó sínú àyà rẹ? Òun lo ní ó ń jẹ ọ́? Ta lò ń pa irọ́ burúkú yìí mọ́? Màámi kò fìgbà kan jẹ oúnjẹ ẹnu rẹ, ká má tíì wá sọ ẹran ara rẹ! Ohun tó wà níbẹ̀ yẹn kò mọ orúkọ rẹ. Ògiri ló jẹ, ìwọ ló kàn. Ohunkóhun tó bá ń jẹ ọ́, kì í ṣe ìyá rẹ!"

Omi ń kán láti orí gọ́tà lẹ́yìn ilé. Ayafọ́tò wo aṣọ ìnura ọwọ́ rẹ̀, ó wo ògiri, ó tún wo aṣọ ìnura. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, òun ló ń ya fọ́tò, òun ló ń sọ pé kí àwọn ènìyàn súnmọ́ra, kí wọ́n gbójú sókè. Omi kò bọ́ lójú rẹ̀. Nísinsìnyí ló wá ké. Ó ké bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ìròyìn wá bá lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe ìyá rẹ̀, igbe ń dà pọ̀ mọ́ ikọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gbé orí rẹ̀ lé itan, ó di í mú títí ó fi rọlẹ̀.

"Ẹ fún mi lómi," ló wí níkẹyìn.

Ó gbé oògùn mì níṣojú rẹ̀.

Àwọn dókítà dá a dúró lọ́dọ̀ wọn títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Nígbà tó padà dé, bíríkìlà ti tún gọ́tà ṣe, ó kù kí wọ́n fọ ògiri. Àǹtí Lábù kò jẹ́ kí bíríkìlà fọ̀ ọ́. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí àjèjì fi búrọ́ọ̀ṣì nu ìyá òun. Ayafọ́tò fẹ́ bá a ṣe é, ó lé e síta, ó ti ilẹ̀kùn, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi ìbòmú bo imú dé àgbọ̀n. Ó pa fèrèsé dé kí ohunkóhun má baà fẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Ayafọ́tò dúró síta nídìí gíláàsì, níbi tí àwọn tí ìyá rẹ̀ ń bú máa ń gbà kọjá, ó ń wò ó.

Ó rẹ búrọ́ọ̀ṣì sínú omi ọṣẹ, ó fi kan èjìká. Dúdú náà ń ṣàn wálẹ̀ lójú ògiri. Èjìká lọ. Ọrùn lọ. Ó ń fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ, ó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ má bínú, Màámi. Ẹ má bínú." Ó wá dé ibi orí.

Nígbà tí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wọ ibẹ̀, òórùn kan jáde lára ògiri. Òróró orí ni. Ọ̀rinrin gèlè, àtíkè ọrùn, òógùn ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti wo ohun tó ń ṣe. Ó gba ara ìbòmú wọlé, ó rọra wọlé, kò tó. Ọwọ́ Àǹtí Lábù dúró. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi omi lé e lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ní sí mọ́ láyé. Ó mọ ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá náà lákòókò yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ, ó mọ igi rẹ̀, ó mọ orí rẹ̀, ó mọ bí irúgbìn rẹ̀ ṣe tò. Ó fa ìbòmú wálẹ̀ sí ọrùn. Ó di ojú, ó sún mọ́ ògiri, ó fẹ́ mí i sínú.

Wọ́n gbá gíláàsì gbàgbàgbà.

"Àǹtí mi!"

Imú Àǹtí Lábù ti fẹ́ kan ògiri.

"Àǹtí mi, ẹ fa ìbòmú yín sókè." Ayafọ́tò fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé gíláàsì. Kò wúkọ́. "Ẹ gbọ́, ẹ fà á sókè. Kì í ṣe Màámi."

Àǹtí Lábù la ojú. Lẹ́yìn náà ó fa ìbòmú sókè bo imú, ó rẹ búrọ́ọ̀ṣì sínú omi, ó sì fọ orí náà kúrò.